Ẹ Fẹ́ Ra Sólà? Bí Ẹ Ṣe Lè Dáàbò Bo Owó Yín, àti Ohun Tí Ẹ Lè Ṣe Bí Ọjà Bá Dalẹ̀

Ìbéèrè kan ló ń wọlé sí wa léraléra, orúkọ àwọn tó ń béèrè nìkan ló ń yàtọ̀: «Mo ra sólà, wọ́n ní bátìrì rẹ̀ á lò tó ọdún márùn-ún. Oṣù mẹ́rin péré, kò ní í pé aago mẹ́sàn-án alẹ́ kó tó kú. Ẹni tó tà á fún mi ò gbé fóònù mọ́. Ṣé mo ṣì lè rí owó mi gbà?»

Ó ṣeé ṣe. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, FCCPA ti ọdún 2018, kò yọ sólà sílẹ̀. Ohun tó máa ń dun èèyàn ni pé ọ̀pọ̀ tó ní ẹ̀tọ́ ni kò ní ìwé. Ohun tí ẹ bá ṣe kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín ló máa pinnu ohun tí ẹ ó rí gbà bí nǹkan bá bàjẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi máa pẹ́ gan-an lórí ohun tó ṣáájú owó sísan.

Bí bátìrì yín bá ti kú ná, ẹ fo apá «Kí ẹ tó sanwó», kí ẹ lọ sí «Bí ọjà bá dalẹ̀» nísàlẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ẹ dúró sí

Ibi tí ẹ ó gbé ẹjọ́ lọ kò rí bákan náà fún gbogbo èèyàn.

- Ẹ ra ọjà yín, ẹ sanwó, ó di tiyín: FCCPC, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, ni tiyín.
- Ẹ ń san án díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù, tí wọ́n sì lè ti iná náà pa láti ọ́fíìsì wọn: FCCPC náà ni, àmọ́ ẹ ka apá tó wà fún yín nísàlẹ̀.
- Ilé iṣẹ́ kan gbé sólà ńlá kalẹ̀ sí ìlú yín, wọ́n fa wáyà wọlé, wọ́n fún yín ní mítà: àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ni ẹ ó kọ́kọ́ bá, ìyẹn lẹ́yìn tí ẹ bá ti bá ilé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìkìlọ̀ kan rèé. Òfin yìí kò ka ẹni tó ra ọjà láti tún tà sí oníbàárà, kò sì ka ẹni tó rà á láti fi ṣe ọjà títà mọ́ ọn. Bí ẹ bá ra sólà fún ilé ìṣebúrẹ́dì tàbí ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá, àdéhùn tí ẹ bá kọ ni yóò gbè yín. Ẹ má fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú apá tó sọ̀rọ̀ nípa àdéhùn.

## Kí ẹ tó sanwó

1. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ fi iná náà ṣe, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tà á

Fáànù mélòó? Fíríìjì ńkọ́? Ṣé ẹ fẹ́ kó gbé ẹ̀rọ omi? Wákàtí mélòó lálẹ́? Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí WhatsApp, kí ẹ sì jẹ́ kó fèsì. Ẹ lè rò pé ọ̀rọ̀ oníṣẹ́ iná lásán nìyí, àmọ́ ọ̀rọ̀ òfin ni. Abala 122 nínú òfin náà sọ pé bí ẹ bá ti jẹ́ kí ẹni tó ń tajà mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ọjà náà ṣe, tí ọjà náà kò sì lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ lè dá a padà láàárín àkókò tó bójú mu kí ẹ sì gba owó yín. Bí ẹ bá kàn sọ ọ́ lẹ́nu nínú ṣọ́ọ̀bù, yóò ní òun ò gbọ́. Bí ó bá wà lórí fóònù pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, ibo ló fẹ́ gbà?

2. Ẹ gba iye owó lọ́wọ́ ẹni méjì, ó kéré tán

Kí wọ́n kọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: orúkọ pánẹ́ẹ̀lì àti wáàtì rẹ̀, orúkọ bátìrì, fóòtì àti Ah (áńpù-wákàtí) rẹ̀, orúkọ ínfátà, wáyà, bíréékà, owó iṣẹ́. Ẹni tó bá kọ «sólà 5kVA, gbogbo rẹ̀ pátá, iye báyìí» kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. kVA ínfátà, ìyẹn ẹrù tó lè gbé lẹ́ẹ̀kan, kò sọ bí bátìrì ṣe tó. Ínfátà 5kVA tó jókòó sórí bátìrì kékeré dà bí agbada ńlá lórí iná àbẹ́là.

3. Ẹ yẹ pánẹ́ẹ̀lì wò

Ẹ lè ṣe mẹ́rin nínú àyẹ̀wò wọ̀nyí fúnra yín:

1. *Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀.* Ìwé kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ tó kọ Pmax (wáàtì tó lè mú wá), Vmp (fóòtì nígbà tó ń ṣiṣẹ́), Imp (áńpù nígbà tó ń ṣiṣẹ́), Voc (fóòtì nígbà tí kò gbé nǹkan kan) àti Isc (áńpù nígbà tí a bá so ẹnu wáyà méjèèjì pọ̀). Ẹ ṣírò Vmp ní ìlọ́po Imp. Ó gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bá Pmax dọ́gba. Bí Vmp bá jẹ́ 42, tí Imp jẹ́ 13.1, ẹ ó rí 550.2, ìyẹn pánẹ́ẹ̀lì 550 W. Àwọn tó ń tẹ ìwé ayédèrú máa ń yí Pmax nìkan, wọ́n á gbàgbé ìyókù.
2. *Ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n.* Pánẹ́ẹ̀lì òde òní kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ju 200 sí 230 W wá lórí ààyè tó gùn ní mítà kan tó sì fẹ̀ ní mítà kan. Pánẹ́ẹ̀lì 550 W tòótọ́ máa ń gùn tó bíi mítà 2.28, ó sì máa ń fẹ̀ tó bíi mítà 1.13. Bí wọ́n bá gbé èyí tó kéré tó ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù wá, tí wọ́n ní 550 W ni, ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ.
3. *Ẹ gbé e.* Èyí tó tó 550 W máa ń wúwo tó kílò 27 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀.
4. *Ẹ wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀,* èyí tí wọ́n ń pè ní serial number. Ó máa ń wà lẹ́yìn pánẹ́ẹ̀lì, ó sì máa ń wà lábẹ́ gíláàsì níwájú. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu.

Ìkarùn-ún jẹ́ ti oníṣẹ́ iná. Kó gbé mítà rẹ̀ wá ní ọ̀sán gangan, nígbà tí oòrùn mú, kó wọn fóòtì àti áńpù. Ẹ má jẹ́ kó dúró lórí fóòtì nìkan. Pánẹ́ẹ̀lì kékeré náà lè mú fóòtì tó dáa jáde. Áńpù ló ń tú àṣírí. Iye tó bá rí lè dín díẹ̀ sí ti ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì, torí inú yàrá àyẹ̀wò tí kò gbóná ni wọ́n ti wọn tibẹ̀, ooru ilẹ̀ wa ò sì kéré. Bí ó bá wá jẹ́ ìdajì ló rí, ẹ má rà á.

4. Bátìrì: ibi tí owó ti ń wọgbó jù

Ẹ mọ ìṣirò yìí sórí: fóòtì ní ìlọ́po Ah ni iye iná tó lè wà nínú rẹ̀. Bátìrì lítíọ́mù 51.2 V, 100 Ah, jẹ́ 5,120 Wh (wáàtì-wákàtí), ohun tí àwọn oníṣòwò ń pè ní 5 kWh. Bátìrì olómi 12 V, 220 Ah, jẹ́ 2,640 Wh, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ni ó yẹ kí ẹ máa lò bí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́.

Ẹ béèrè àwọn ìbéèrè yìí, kí ẹ sì gba èsì wọn sórí ìwé:

- Ṣé tuntun ni àbí tòkunbọ̀? Tòkunbọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, mo mọ àwọn tó ń lò ó tí inú wọn dùn. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kí wọ́n ta á fún yín bíi tuntun. Òfin ní kí ẹni tó ń ta ọjà àlòkù tàbí èyí tí wọ́n tún ṣe jẹ́ kí ẹ mọ̀. Lítíọ́mù tí wọ́n tú láti inú ọkọ̀ oníbátìrì, tí wọ́n wá to sínú àpótí tuntun, àlòkù ni, bó ti wù kí àpótí rẹ̀ máa dán tó.
- Wáráńtì rẹ̀ ọdún mélòó? Ta ló ń dá a lóhùn, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni àbí ẹni tó tà á?
- Kí ló lè mú kí wáráńtì náà bàjẹ́? Fún bátìrì olómi, bí ẹ ò bá bu omi bátìrì sí i lásìkò, wọn ò ní í dá yín lóhùn. Ó dáa kí ẹ mọ̀ ọ́n ṣáájú.

5. Ínfátà, wáyà àti bíréékà

Lórí ínfátà, ẹ wo kW, ẹ má wo kVA nìkan. Àwọn 5kVA kan wà tí kò lè gbé ju 4 kW lọ, àwọn mìíràn sì lè gbé 5 kW. Bí ẹ bá ń wo kVA nìkan, méjèèjì á jọ ara wọn lójú yín.

Wáyà ni ẹnikẹ́ni kì í wò, òun ló sì lè jó ilé. Wáyà kan wà tó jẹ́ pé alumíníọ́mù ló wà nínú rẹ̀, kọ́pà díẹ̀ ni wọ́n fi bò ó lára. Ẹ gé etí rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ ha á: bó bá funfun nínú, kì í ṣe kọ́pà. Bíréékà tó wà láàárín pánẹ́ẹ̀lì àti ínfátà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti DC. Bíréékà ilé lásán kò lè já iná DC bó ṣe yẹ, ó lè yọ́ sójú kan náà tí ẹ fẹ́ kó ti gbà yín là.

Fún ohun tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, ẹ wá àmì MANCAP láti ọ̀dọ̀ SON, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdára ọjà. Fún àwọn sólà kékeré tó ń wá nínú páálí pẹ̀lú gílóòbù àti ibi tí a ti ń ṣájì fóònù, ẹ tẹ orúkọ ọjà náà sórí íkànnì VeraSol, ètò tó ń yẹ irú sólà bẹ́ẹ̀ wò, kí ẹ wò ó bóyá wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ìṣẹ́jú méjì ni.

6. Ẹ gba ìwé àdéhùn

Ojú ìwé kan tó. Èdè tó bá yé yín ni kí wọ́n fi kọ ọ́. Abala 114 fún yín ní ẹ̀tọ́ sí ìyẹn. Kí nǹkan wọ̀nyí wà nínú rẹ̀:

- ☐ Orúkọ ilé iṣẹ́ bó ṣe wà ní CAC (àjọ tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ sílẹ̀), nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, àdírẹ́sì tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé
- ☐ Orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí i, àti nọ́ńbà fóònù méjì
- ☐ Ọjà kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ, iye rẹ̀ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀
- ☐ Ohun tí ẹ sọ pé ẹ fẹ́ fi ṣe, àti wákàtí tó ní yóò gbé e
- ☐ Wáráńtì ọjà kọ̀ọ̀kan, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀
- ☐ Wáráńtì iṣẹ́ ọwọ́: bí òrùlé bá ń jò níbi tí wọ́n lu, tàbí wáyà yọ, oṣù mélòó ni wọn ó fi máa wá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́?
- ☐ Ọjọ́ mélòó sí ìgbà tí ẹ bá pè ni wọ́n gbọ́dọ̀ dé
- ☐ Ọjọ́ tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ parí

Bí wọ́n bá ní «wáráńtì ọdún 25», ẹ béèrè ti kí ni. Lórí pánẹ́ẹ̀lì, ọdún 25 sábà máa ń jẹ́ ìlérí pé agbára rẹ̀ kò ní í dín kọjá ìwọ̀n kan. Wáráńtì bí ó bá fọ́ tàbí tó bàjẹ́ fúnra rẹ̀ kúrú ju ìyẹn lọ. Kò sì sí èyí tó kan bátìrì nínú méjèèjì. Àwọn ontajà kan máa ń fi ọdún 25 yìí da aṣọ bo gbogbo ẹrù.

7. Bí ẹ ó ṣe sanwó

Ẹ san án sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá fún yín ní àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ènìyàn, ẹ béèrè ìdí. Bí ìdí ọ̀hún kò bá wọ̀ yín létí, ẹ wá ẹlòmíràn lọ. Ẹ pín owó náà sí mẹ́ta: apá kan kí ọjà tó dé, apá kan nígbà tí gbogbo ọjà bá ti dé ilé yín tí wọ́n sì bá àdéhùn mu, ìyókù lẹ́yìn àyẹ̀wò tó wà nísàlẹ̀ yìí. Èyí tó kù lọ́wọ́ yín nìkan ni okùn tí ẹ lè fi fa oníṣẹ́ padà. Ẹni tó bá ta kú pé kí ẹ san gbogbo rẹ̀ ṣáájú, ó yẹ kí àdéhùn tirẹ̀ nípọn ju ti ẹni yòókù lọ.

Ẹ gba rìsíìtì. Ẹ̀tọ́ yín ni, wọn ò fi ṣe yín lóore.

8. Ọjọ́ tí wọ́n bá so ó

1. Kí àwọn oníṣẹ́ tó gun òrùlé, ẹ ya fọ́tò ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti dé òkè, ó di ọjọ́ mìíràn.
2. Ẹ ya fọ́tò bátìrì àti ínfátà pẹ̀lú nọ́ńbà ìdánimọ̀ wọn.
3. Ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ti so wáyà mọ́ ilẹ̀ hàn yín.
4. Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, kí ẹ wá ti iná NẸ́PÀ àti pánẹ́ẹ̀lì pa. Ẹ tan ohun tó ń jẹ iná lójú kan, ínfátà yóò kọ iye wáàtì sójú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo 500 W lórí bátìrì 5 kWh tó jẹ́ tuntun, ó yẹ kó gbé e tó bíi wákàtí mẹ́jọ. Bó bá kú ní wákàtí mẹ́ta, ẹ ti rí ìdáhùn.
5. Ẹ ya fídíò àyẹ̀wò yẹn pẹ̀lú aago lójú fóònù. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó san ìyókù.

Àyẹ̀wò kẹrin yìí máa ń bí àwọn oníṣẹ́ nínú torí ó ń gba àkókò. Kó bí wọn. Wọ́n lè lọ jẹun kí wọ́n padà wá.

## Bí ọjà bá dalẹ̀

Òfin sọ nínú abala 131 pé ọjà tí ẹ bá rà gbọ́dọ̀ dára, kó ṣiṣẹ́, kó má lábùkù, kó sì lò fún àkókò tó bójú mu. Abala 130 sọ ti iṣẹ́: bí wọ́n bá ṣe é lọ́nà tí kò dáa, ẹ lè ní kí wọ́n tún un ṣe tàbí kí wọ́n dá lára owó padà. Gbólóhùn tí wọ́n máa ń tẹ̀ sísàlẹ̀ rìsíìtì pé «ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà, a kì í dá owó padà» kò lè pa ẹ̀tọ́ yìí run. Inki lásán ni, bí ọjà bá ní àbùkù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má pe oníṣẹ́ ìta láti tú bátìrì náà. Wọ́n á ní òun ló bà á jẹ́, ibẹ̀ ni ẹjọ́ yín ó kú sí. Bó bá ń gbóná, tó ń wú, tàbí tó ń rùn, ẹ pa bíréékà, ẹ jáde kúrò nínú yàrá yẹn, kí ẹ pe ẹni tó tà á.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ kọ̀wé. Ìpè lórí fóònù dáa fún ìkíni. Ẹ̀sùn, orí ìwé ni, bóyá WhatsApp tàbí ímeèlì, kí ẹ sì kó o lọ sí ṣọ́ọ̀bù bí ẹ bá mọ ibẹ̀. Ẹ lè kọ ọ́ báyìí:

> *Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọjọ́ (ọjọ́ tí ẹ rà á), mo ra bátìrì (orúkọ àti nọ́ńbà ìdánimọ̀) lọ́wọ́ yín ní ₦(iye). Ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ náà pé yóò gbé fíríìjì kan àti fáànù mẹ́ta fún wákàtí mẹ́wàá. Láti ọjọ́ (ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀), kò gbé e ju wákàtí mẹ́ta lọ. Fídíò àti rìsíìtì wà nísàlẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí ẹ dá owó mi padà kí ọjọ́ méje tó pé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí FCCPC.*

Ẹ má bú ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ni yóò ka lẹ́tà náà lọ́jọ́ iwájú, ẹ jẹ́ kó rí i pé ẹ̀yin ni ọmọlúàbí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ sọ ohun kan pàtó tí ẹ fẹ́: kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n dá owó padà. Àwọn tó bá kọ ojú ìwé mẹ́rin láìsọ ohun tí wọ́n fẹ́, ìdáhùn «ẹ má bínú» ni wọ́n sábà máa ń gbà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: FCCPC. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lọ sí íkànnì fccpc.gov.ng, tàbí ọ́fíìsì wọn tó bá súnmọ́ yín. Ẹ kó rìsíìtì, àdéhùn, fọ́tò, àti ẹ̀dà lẹ́tà tí ẹ ti kọ pẹ̀lú èsì wọn dání, tàbí ẹ̀rí pé wọn ò fèsì. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ fún oníbàárà, náà ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí. Ẹ mú ọ̀kan kí ẹ tẹ̀lé e dé òpin. Bí ẹ bá gbé e sí ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, olúkúlùkù á máa retí ẹnì kejì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kóòtù kékeré. Bí owó tí ẹ ń béèrè kò bá ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, ìpínlẹ̀ Èkó ní kóòtù fún gbèsè kékeré lábẹ́ májísíréètì. Ẹ lè lọ láìní lọ́yà. Ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi lẹ́tà béèrè owó yín lọ́wọ́ onígbèsè, fọ́ọ̀mù rẹ̀ wà ní kóòtù; ètò náà sì ni pé kí ẹjọ́ parí láàárín 60 ọjọ́. Iye owó pàtó tó ṣeé kà ni kóòtù yìí ń gbọ́. «Ẹ bá mi bá a wí» kò sí nínú iṣẹ́ wọn.

## Fún ẹ̀yin tó ń san án díẹ̀díẹ̀ lórí fóònù

Ètò yìí ti gbé iná dé ọ̀pọ̀ ilé tí wáyà NẸ́PÀ kò ní í dé láyé. Ṣùgbọ́n gbèsè ni, kí ẹ sì wò ó bíi gbèsè. Kí ẹ tó tẹ àtàǹpàkò sí ìwé:

- Ẹ ṣe ìṣirò gbogbo owó láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ fi wé iye tí wọ́n ń ta á bí èèyàn bá sanwó lẹ́ẹ̀kan. «₦ díẹ̀ lójúmọ́» ni wọ́n á sọ fún yín. Ẹ sọ ọ́ di oṣù, kí ẹ sọ oṣù di ọdún.
- Bí ẹ bá ṣàìsàn tí ẹ ò lè san oṣù kan, ṣé iná nìkan ni wọ́n á pa, àbí wọ́n á wá gbé e? Bí wọ́n bá gbé e, kí ló dé bá owó tí ẹ ti san?
- Bí ọjà náà bá bàjẹ́ láti ọwọ́ wọn, ṣé ẹ ó ṣì máa san owó ọjọ́ tí kò fi ṣiṣẹ́? Kí wọ́n kọ ọ́ pé rárá.
- Ọjọ́ wo ló di tiyín pátápátá, kí sì ni ẹ̀rí rẹ̀? Ẹ gba nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i títí láé, kí ẹ kọ ọ́ síbi tó pamọ́.
- Ẹ má fi nọ́ńbà gbogbo ẹbí yín sílẹ̀ fún wọn. Òfin Ààbò Dátà ti 2023 kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa pe ọ̀gá ibi iṣẹ́ yín àti àna yín nítorí gbèsè sólà.

Àwọn ilé iṣẹ́ irú èyí ní àgbáyé ní ìlànà kan tí ẹgbẹ́ wọn, GOGLA, gbé kalẹ̀ fún ìdáàbòbò oníbàárà: kí ohun gbogbo hàn kedere, kí wọ́n má ta ohun tí agbára èèyàn kò ká fún un, kí ọjà dára, kí wọ́n tọ́jú oníbàárà dáadáa, kí wọ́n pa àṣírí rẹ̀ mọ́, kí wọ́n má sì dójú tì í. Ẹ bi aṣojú tó bá kan ilẹ̀kùn yín bóyá ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí kò bá tiẹ̀ gbọ́ ọ rí, ìyẹn náà ti sọ nǹkan fún yín.

## Fún ìlú tí wọ́n gbé sólà ńlá wá

Irú èyí wà ní Gbamu-Gbamu ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ó sì ń pọ̀ sí i. Ìlànà NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, lórí irú iná ìlú kékeré yìí, èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 2016 tí wọ́n tún ṣe ní 2023, fi ọ̀rọ̀ owó iná sọ́wọ́ àwọn ará ìlú náà. Ilé iṣẹ́ lè bá ìlú ṣe àdéhùn lórí iye owó, bí ó kéré tán 60% àwọn oníbàárà bá fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo, ì báà ṣe báálẹ̀, lọ fọwọ́ síwèé nínú yàrá. Ẹ pe ìpàdé. Ẹ kọ orúkọ àwọn tó wá.

Ìbéèrè fún ìpàdé náà: Èló ni kílówáàtì kan fún wákàtí kan, ìgbà wo sì ni wọ́n lè yí i padà? Wákàtí mélòó ni iná á fi máa wà lóòjọ́, kí ni wọ́n á san bí kò bá rí bẹ́ẹ̀? Ta ni èèyàn máa bá nínú ìlú bí mítà bá bàjẹ́? Iná yìí wọ́n ju ti NẸ́PÀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ohun tí ẹ ń rà ni pé ó wà.

Fún ẹ̀sùn, ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn èyí, Òfin Iná Mànàmáná ti 2023 ti yí ọ̀nà padà: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Èkìtì ti gba àkóso iná ìpínlẹ̀ wọn kúrò lọ́wọ́ NERC, kálukú ti ní àjọ tirẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ ó lọ. Ìpínlẹ̀ tí kò bá tíì gbà á, NERC ṣì ni.

## Ẹ̀yin tó ń fowó ránṣẹ́ láti òkè òkun

Sólà fún ìyá àti bàbá nílé ti di ẹ̀bùn tó wọ́pọ̀ láti London àti Houston, ó sì ti di oko ọdẹ fún àwọn gbájúẹ̀. Ẹ má fi owó náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò pé kó «bá yín ṣe é». Kì í ṣe pé wọ́n jẹ́ olè o. Wọn ò mọ ohun tí wọn ó yẹ̀ wò ni, ojú sì máa ń tì wọ́n láti bá oníṣẹ́ jiyàn.

1. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ bá ilé iṣẹ́ náà kọ àdéhùn lórí ímeèlì, kí ẹ sì sanwó tààrà sínú àkáǹtì wọn.
2. Kí orúkọ yín àti ti òbí yín jọ wà lórí rìsíìtì, torí òbí ni yóò wà nílé bí FCCPC bá fẹ́ wá wo ọjà náà.
3. Ní ọjọ́ ìsomọ́, ẹ wà lórí ìpè fídíò nígbà tí wọ́n bá ń yí ẹ̀yìn pánẹ́ẹ̀lì. Ẹ fi nọ́ńbà ìdánimọ̀ wé èyí tó wà nínú àdéhùn.
4. Ẹ gba oníṣẹ́ iná mìíràn, tí kò mọ ẹni tó tajà rí, kó wá ṣe àyẹ̀wò wákàtí mẹ́jọ yẹn. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.
5. Ẹ lẹ ìwé kan mọ́ ara ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ínfátà, kí ẹ fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ ní Yorùbá: bíréékà tí wọ́n á kọ́kọ́ pa bí èéfín bá yọ, nọ́ńbà tí wọ́n á pè, àti ọjọ́ tí wáráńtì bátìrì parí.